Káàdì Kírẹ́díìtì, Ẹ̀yáwó Ìjọba, tàbí Àjọ: Kí La Ó Fi San Owó Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà?

Tí oṣù keje bá ti ń lọ sópin, bíìlì kọ́lẹ́ẹ̀jì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn Yorùbá ní Houston, ní Chicago, ní Atlanta àti káàkiri Maryland. Wọ́n ti ṣe ìnáwó ìkẹ́kọ̀ọ́jáde háísíkúùlù, wọ́n ti ya fọ́tò, ìyá ti ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ìrẹsì kékeré tí ọmọ yóò gbé lọ. Ó wá ku owó. Lójú ewé tí wọ́n ti ń sanwó, bọ́tìnnì méjì ló sábà máa ń wà: ẹ fi àkáǹtì báńkì san, tàbí ẹ fi káàdì san. Èkejì ló yá jù, òun náà ló sì lè wọ́n jù.

Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì san owó ilé-ìwé láéláé. Àwọn kan wà tó bá mu. Ìbéèrè kan ni mo kàn fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: oṣù wo gan-an ni owó yìí yóò wọ ọwọ́ yín? Ẹni tó lè dárúkọ oṣù yẹn ní ọ̀nà púpọ̀ níwájú. Ẹni tí kò lè dárúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ bọ́tìnnì kejì.

Kí ìfiwéra náà lè dọ́gba, ẹ jẹ́ ká fi bíìlì kan ṣoṣo wọn gbogbo ọ̀nà: lẹ́yìn sikọ́láṣíìpù àti Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà), $6,000 ṣì kù fún sẹ̀mẹ́sítà kan.

Káàdì kírẹ́díìtì lásán

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kì í gba káàdì fún owó ilé-ìwé rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbà á máa ń bu owó káàdì lé e, tó sábà máa ń wà láàárín 2% sí 3%, nítorí pé ilé-iṣẹ́ káàdì ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì fẹ́ fi àpò ara wọn gbé e. Ẹ mú 2.85%: lórí $6,000, $171 ti lọ kí èlé tó yọjú. Ẹni tó bá san án tààrà láti àkáǹtì báńkì rẹ̀ kì í sábà san kọ́bọ̀ lé e.

"Ṣùgbọ́n káàdì mi máa ń dá owó padà fún mi." Ó dára. Káàdì tó ń dá 2% padà yóò fún yín ní nǹkan bí $123 lórí $6,171. Ẹ ti san $171. Ẹ wò ó, $48 ti jábọ́ níbi tí ẹ rò pé ẹ ti jèrè. Ibi kan tí ìṣirò yìí ti lè yíjú sí yín ni ẹ̀bùn tí káàdì tuntun máa ń fún ẹni tó bá ná iye kan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ká ní ẹ̀bùn náà jẹ́ $500, tí owó ilé-ìwé sì ti wà ní báńkì yín nílẹ̀, ẹ gba ẹ̀bùn náà, kí ẹ sì san gbèsè náà tán lóṣù kan náà. Ọgbọ́n nìyẹn. Tí owó kò bá sí nílẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀bùn.

Ó wá kan èlé. Láti 2023 ni ìpíndọ́gba èlé orí káàdì ní Amẹ́ríkà ti ju 20% lọ lọ́dún. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: tí ẹ bá san gbogbo ohun tó wà lórí sítétímẹ́ǹtì kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, èlé kò kàn yín. Òfin sọ pé ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 21, ó kéré tán, lẹ́yìn tí sítétímẹ́ǹtì bá jáde. Àmọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, èlé á máa gorí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ní mọ sórí owó ilé-ìwé nìkan. Iṣu àti ẹran tí ẹ fi káàdì yẹn rà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní èlé láti ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n. Nítorí náà, tó bá jẹ́ dandan pé káàdì lẹ ó lò, ẹ ya káàdì kan sọ́tọ̀ fún owó ilé-ìwé, kí ẹ má fi ra nǹkan mìíràn. Ó tún ní àǹfààní lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí: IRS gbà pé èlé orí káàdì tí wọn kò fi ṣe nǹkan mìíràn àfi ìnáwó ilé-ìwé lè wọ inú àyọkúrò èlé ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ (iye tí ẹ lè yọ kúrò nínú owó tó wọlé kí wọ́n tó ṣírò owó-orí), tó lè tó $2,500 lọ́dún fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá kọjá ààlà. Tí ẹ bá ti fi káàdì náà ra bẹntiróòlù, ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èlé 22%. Gbèsè $6,171, ẹ pinnu pé ọdún méjì lẹ ó fi san án tán: nǹkan bí $320 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ $7,683. Owó tó lé lórí $6,000 jẹ́ $1,683. Kò dùn, àmọ́ ó lópin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni kí ẹ máa san iye tó kéré jù lọ tí wọ́n kọ sórí sítétímẹ́ǹtì. Tí iye yẹn bá jẹ́ èlé oṣù náà pẹ̀lú 1% lára gbèsè, tí kò sì lọ sísàlẹ̀ $35, yóò tó nǹkan bí ọdún 18 kí $6,171 tó tán, èlé nìkan á sì sún mọ́ $10,000. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè náà lè ti bí tirẹ̀ nígbà yẹn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Òfin CARD Act ti 2009 fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ káàdì kọ ọ́ sórí sítétímẹ́ǹtì bí ọdún tí ẹ ó lò ṣe máa pọ̀ tó tí ẹ bá ń san iye tó kéré jù, kí wọ́n sì kọ iye tí ẹ ó san lóṣù tí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta. Àpótí kékeré ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ wá a, ẹ kà á.

Òfin yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 gba káàdì lórúkọ ara rẹ̀, àfi tó bá fi hàn pé òun ní owó tó ń wọlé fún òun, tàbí tí ẹnì kan tó ti pé 21 bá dúró fún un. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa nìyí: bàbá tàbí ìyá fa káàdì tiẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé orúkọ ẹni tó ni káàdì ni gbèsè ń jẹ́. Bí ọmọ bá ṣèlérí pé òun á san án nígbà tóun bá ríṣẹ́, ìlérí láàárín ẹbí ni, báńkì ò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan á ní, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gba káàdì, màá kúkú fi káàdì fa owó yọ ní ATM." Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Owó tí wọ́n bá fi káàdì kírẹ́díìtì fà yọ kò ní ọjọ́ 21 kankan. Èlé bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sábà máa ń ga ju ti ọjà rírà lọ, wọ́n á sì tún gba owó ìfàyọ. Ṣẹ́ẹ̀kì tí ilé-iṣẹ́ káàdì máa ń fi ránṣẹ́ sílé láìbéèrè, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Káàdì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 0% fún ìgbà díẹ̀

Èyí ni mo gbà pé ó lè jẹ́ irinṣẹ́ gidi. Àwọn káàdì tuntun kan kì í gba èlé lórí ọjà fún oṣù 12, 15, nígbà mìíràn títí dé 21. Ẹ mú oṣù 15: $6,171 pín sí 15 jẹ́ nǹkan bí $411 lóṣù. Tí ẹ bá san án bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀, $171 tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà nìkan ni ẹ fi kún un. Ó dáa ju ẹ̀yáwó èyíkéyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ "tí ẹ bá" yẹn ló wúwo. Àwọn tó ń ta káàdì yìí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní san án tán. Ká ní $2,500 ṣẹ́ kù lóṣù kẹrìndínlógún, tí èlé sì fò sókè sí 22%, nǹkan bí $45 ni èlé oṣù àkọ́kọ́. Ẹ ṣọ́ra fún káàdì ilé ìtajà tó ń sọ pé "kò sí èlé tí ẹ bá san án tán láàárín oṣù 12": irú ìyẹn máa ń kó èlé pa mọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tó bá ku dọ́là kan péré, wọ́n á bu gbogbo rẹ̀ lé yín lórí. Káàdì 0% gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ni pé ẹ ò lè mọ iye tí wọn yóò gbà kí ẹ ná títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń retí $7,000 lè gba $2,000, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí owó ilé-ìwé pé. Ẹ tọrọ káàdì náà ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ má dúró di oṣù kẹjọ.

Ó tún ní ohun tó ń ṣe sí máàkì kírẹ́díìtì yín (credit score, nọ́ńbà tí àwọn ayánilówó fi ń díwọ̀n bí ẹ ṣe ń san gbèsè). Tí ẹ bá kó $6,171 lé káàdì tí kò lè gbé ju $7,000 lọ, ẹ ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àyè yín, máàkì á sì wálẹ̀ títí gbèsè á fi dín kù. Ẹni tó fẹ́ yá owó ilé tàbí ti ọkọ̀ láàárín ọdún yẹn, kó rò ó wò dáadáa.

Ètò sísan díẹ̀díẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọ̀nà yìí ni àwọn èèyàn wa máa ń fò kọjá jù, bẹ́ẹ̀ òun ló bá ẹni tó ń gba owó oṣù mu jù. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa ń jẹ́ kí ẹ pín owó sẹ̀mẹ́sítà sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìsí èlé, láìyẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò. Owó ìforúkọsílẹ̀ sábà máa ń wà láàárín $25 sí $100. Lórí $6,000, oṣù márùn-ún, $1,200 lóṣù, ẹ fi $50 kún un. Ó tán.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé $1,200 pọ̀ lóṣù kan. Àwọn ilé kan kò ní i. Ìṣòro kejì ni pé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ máa ń pa dé, nígbà mìíràn kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kìíní sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá yẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ mọ́ ọmọ. Ẹ má sì so káàdì kírẹ́díìtì mọ́ ètò yìí, tórí owó káàdì 2% sí 3% yẹn á máa wọlé lóṣooṣù. Àkáǹtì báńkì ni kí ẹ so mọ́ ọn.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀

FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, àti ẹni tí ìjọba ti fún ní ibi ìsádi lè gbà á. Ẹni tó wà lórí físà F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) tàbí H-1B (ti òṣìṣẹ́) kò lè gbà á.

Fún ọmọ tó ń ka oyè àkọ́kọ́, èlé ẹ̀yáwó tí wọ́n san jáde láàárín July 1, 2025 àti June 30, 2026 jẹ́ 6.39%, kò sì ní yí padà títí wọ́n á fi san án tán. Ìjọba máa ń yọ 1.057% lára rẹ̀ kó tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tí ẹ bá yá iye tí yóò fi di $6,000 tó pé, tí ẹ sì san án tán lọ́dún méjì bíi ti káàdì, owó tó lé á jẹ́ nǹkan bí $476. Ẹ rántí $1,683 ti káàdì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń polówó káàdì máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá san ẹ̀yáwó ìjọba lè san èlé tó ju ti ẹni tó fi ọdún méjì san káàdì lọ. $5,500 ní 6.39% fún ọdún mẹ́wàá máa ń bí èlé tó sún mọ́ $1,960. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ìjọba kì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá yára san án. Ẹni tó bá ní $320 lóṣù láti fún káàdì lè fún ìjọba ní $320 kan náà. Tí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ní ètò tó ń wo iye tó ń wọlé fún un. Káàdì kò ní irú rẹ̀.

Àwọn àǹfààní mìíràn: wọn kì í béèrè owó títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní subsidized, ìjọba ló ń gbé èlé nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé-ìwé. Tí ọmọ bá kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, gbèsè náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Gbèsè káàdì máa ń lọ dúró de ogún.

Àléébù rẹ̀ tóbi náà. Ẹni tí kò bá san án fún ọjọ́ 270, ìjọba lè gé tó 15% lára owó iṣẹ́ rẹ̀ láìlọ sí kóòtù, wọ́n sì lè gba owó-orí tí wọ́n fẹ́ dá padà fún un. Ilé-iṣẹ́ káàdì gbọ́dọ̀ pè yín lẹ́jọ́ kó tó lè gé owó oṣù yín.

Iye tó lè gbé ni ìṣòro gidi. Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí lè yá $5,500 lọ́dún kìíní, $6,500 lọ́dún kejì, $7,500 lọ́dún tó kù, kò sì lè kọjá $31,000 lápapọ̀. Wọ́n máa ń pín in sí sẹ̀mẹ́sítà méjì, nítorí náà ọdún kìíní kò lè fi ju $2,750 sínú bíìlì $6,000 wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n da ọ̀nà pọ̀: ẹ̀yáwó ọmọ $2,750, èyí tó kù, $3,250, sínú ètò oṣù márùn-ún ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. $650 lóṣù nìyẹn. Kò rọrùn, àmọ́ tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lè gbé e.

Fún òbí, Parent PLUS wà: èlé 8.94% ní ọdún 2025 sí 2026, wọ́n sì máa ń yọ 4.228% lára rẹ̀. Fún $6,000 tó san tán lọ́dún méjì, owó tó lé jẹ́ nǹkan bí $865. Láti July 1, 2026, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025 kò jẹ́ kí òbí tó ń yá PLUS fún ìgbà àkọ́kọ́ yá ju $20,000 lọ lọ́dún lórí ọmọ kan, tàbí $65,000 lápapọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: tí wọn kò bá fún òbí ní PLUS nítorí àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀, ọmọ lè gba àfikún lórúkọ ara rẹ̀, tí ti ọdún kìíní á fi di $9,500. Kí ẹ tó fa káàdì yọ, ẹ lọ tọrọ PLUS, bí ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé wọn ò ní fún yín.

Ẹnu àwọn òbí wa ni mo ti máa ń gbọ́ pé, "A ò fẹ́ gbèsè ìjọba lọ́rùn ọmọ." Wọ́n á fi FAFSA sílẹ̀, wọ́n á wá fi káàdì 24% san owó kan náà. Gbèsè 6.39% ni wọ́n sá fún o.

Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí le, mi ò ní fi dídùn pa á. Ní oṣù kẹfà 2023, CBN jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 lọ́dọ̀ ìjọba ti kọjá ₦1,400 ní oṣù kejì 2024. $6,000 tí bàbá fi ₦2,820,000 rà tẹ́lẹ̀ di ohun tó ju ₦8,400,000 lọ. Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ fi káàdì san owó ilé-ìwé, pẹ̀lú èrò pé ilé á fi owó ránṣẹ́ "láìpẹ́". Láìpẹ́ kì í ṣe oṣù tí a lè dárúkọ. Ẹni tó wà lórí F-1 kò sì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, nítorí náà $320 lóṣù fún káàdì kì í ṣe owó kékeré fún un.

Ètò díẹ̀díẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá. Kò béèrè pé ọmọ ìlú wo ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀yáwó aládàáni. Báńkì máa ń fẹ́ onídùúró tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card. Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá àti àǹtí tí wọ́n máa ń bẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ mọ̀ pé gbèsè yín ni lójú òfin bí ọmọ kò bá san án. MPOWER Financing àti Prodigy Finance máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lówó láìsí onídùúró, àmọ́ èlé wọn sábà máa ń ju 10% lọ. Ó ga, síbẹ̀ ó ṣì wà nísàlẹ̀ káàdì. NELFUND, ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kò gba èlé, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba ní Nàìjíríà nìkan ló wà fún.

Àjọ

Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo ti kà lórí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í dárúkọ àjọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ti gboyè níbí gùn jáde. Èèyàn mẹ́wàá ń dá $600 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó $6,000. Kò sí èlé, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó ń yẹ máàkì kírẹ́díìtì wò. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ti fi owó pa mọ́.

Ohun tó lè bà á jẹ́ ni ètò ìkó. Owó ilé-ìwé ní ọjọ́ tirẹ̀, oṣù kẹjọ àti oṣù kìíní. Tí wọ́n bá fi yín sí oṣù kẹwàá, àjọ náà kò wúlò fún bíìlì yìí. Ẹ bá olórí àjọ sọ ọ́ kí wọ́n tó pín nọ́ńbà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ewu kejì ni ẹni tó kó tirẹ̀ tán tó wá fẹsẹ̀ fẹ. Owó tí wọ́n bá fi Zelle (ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ orí fóònù) san kì í rọrùn láti gbà padà, ọ̀pọ̀ àjọ kò sì ní ìwé àdéhùn kankan. Mi ò ní dá àjọ owó ilé-ìwé pẹ̀lú ẹni tí mi ò mọ ilé rẹ̀. Ohun kẹta ni pé bí ẹ ṣe ń san án déédéé tó, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì yín. Ẹgbẹ́ Mission Asset Fund ní San Francisco ti wá ọ̀nà sí ìyẹn: wọ́n ń ṣe irú àjọ yìí láìsí èlé, wọ́n sì ń ròyìn sísan rẹ̀ fún àwọn tó ń ka máàkì.

Gbogbo rẹ̀ lórí $6,000 nìyí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

| Ọ̀nà | Bí ẹ ṣe san án | Owó tó lé | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Káàdì lásán, 22% | ọdún méjì, $320 lóṣù | $1,683 | Ẹni tí owó rẹ̀ ń bọ̀ kí sítétímẹ́ǹtì tó pé ọjọ́ |
| Káàdì 0% | oṣù 15, $411 lóṣù | $171 | Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dájú, tí máàkì rẹ̀ dára |
| Ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì | oṣù 5, $1,200 lóṣù | nǹkan bí $50 | Ilé tó ní owó tó ń wọlé dáadáa |
| Ẹ̀yáwó ọmọ, 6.39% | ọdún méjì, $270 lóṣù | $476 | Gbogbo ẹni tí FAFSA gbà, títí dé ààlà rẹ̀ |
| Parent PLUS, 8.94% | ọdún méjì, $286 lóṣù | $865 | Òbí tí ẹ̀yáwó ọmọ kò tó fún |
| Àjọ | oṣù 10, $600 lóṣù | $0 | Ẹni tí ìkó rẹ̀ bọ́ sóṣù tó yẹ |

Bí gbèsè káàdì bá ti wà nílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ káàdì kí ẹ tó yẹ oṣù kan. Ọ̀pọ̀ wọn ní ètò fún ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún, tí wọ́n fi máa ń dín èlé kù fún ìgbà díẹ̀. Wọn kì í polówó rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ẹni tó ti yẹ oṣù mẹ́ta kí ó tó pè kò ní rí ohùn dídùn bíi ti ẹni tó pè ṣáájú.

Tí káàdì bá pọ̀, àwọn kan máa ń lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù, àwọn kan máa ń lé èyí tó kéré jù kí wọ́n lè tètè rí òpin kan. Owó sọ pé kí ẹ lé èlé gíga. Àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tí káàdì mẹ́rin ń dà láàmú sábà máa ń nílò kí ọ̀kan kúrò lójú rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ kí ẹ máa san án lọ ni kí ẹ mú. Ẹ má sì máa sáré san ẹ̀yáwó ìjọba 6.39% jù bó ṣe yẹ nígbà tí káàdì 22% ṣì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbígbé gbèsè lọ sórí káàdì 0% mìíràn máa ń gba 3% sí 5%. Lórí $6,000, $180 sí $300 nìyẹn, nígbà tí ọdún kan lórí 22% lè jẹ ju $1,000 lọ. Ó dára fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ṣì dúró. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀, kó lọ wo credit union, ilé ìfowópamọ́ alájọṣe tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí credit union tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ gba èlé tó ju 18% lọ, yálà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó tàbí lórí káàdì, wọ́n sì sábà máa ń gbà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Tí gbogbo ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ ó rí irú ọ́fíìsì méjì tí ìpolówó wọn jọra bí ìbejì. Àkọ́kọ́ ni àwọn agbaninímọ̀ràn tí kì í ṣe oníṣòwò, bí àwọn tó wà lábẹ́ NFCC, ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Wọ́n á bá ilé-iṣẹ́ káàdì sọ̀rọ̀, èlé á wálẹ̀, ẹ ó máa san owó kan lóṣù fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó sì san gbogbo gbèsè tán. Wọ́n á ti káàdì náà pa, wọ́n sì máa ń gba owó iṣẹ́ díẹ̀ lóṣù. Àwọn ni mo fara mọ́.

Èkejì ni àwọn tó ń ṣèlérí pé ìdajì gbèsè lẹ ó san. Wọ́n á ní kí ẹ dáwọ́ sísan dúró, kí ẹ máa kówó jọ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó bá di ọjọ́ 180, ilé-iṣẹ́ káàdì á kọ gbèsè náà sílẹ̀ bí òfò, ìyẹn á sì wà lórí àkọsílẹ̀ yín fún ọdún méje. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n lè ti pè yín lẹ́jọ́. Láti 2010, òfin FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kò gbà pé kí ẹni tó ń ta irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù gba kọ́bọ̀ kí ó tó yanjú gbèsè kan. Ẹni tó bá béèrè owó ṣáájú ti fi ara rẹ̀ hàn.

Kóòtù ni ibi ìkẹyìn. Lábẹ́ Chapter 7, irú bankruptcy kan tí kóòtù fi máa ń pa gbèsè rẹ́ fún ẹni tí kò lè san án, gbèsè káàdì sábà máa ń parẹ́, àmọ́ ó máa ń wà lórí àkọsílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kì í parẹ́ níbẹ̀, àfi tí ẹ bá fi hàn pé ìyà tó pọ̀ kọjá ààlà ló máa jẹ́ fún yín láti san án. Ẹnì kan lè wá ronú pé, "Nígbà náà màá kó owó ilé-ìwé sórí káàdì, màá wá lọ sí kóòtù." Adájọ́ ti rí irú rẹ̀ rí. Gbèsè tí ẹ jẹ nígbà tí ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò ní san án, ilé-iṣẹ́ káàdì lè pè é ní jìbìtì, kóòtù á sì fi í sílẹ̀ lọ́rùn yín.

Tí wọ́n bá sì dárí $600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ jì yín nínú gbèsè káàdì níta kóòtù, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní 1099-C á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. IRS sábà máa ń ka owó tí wọ́n dárí jì yín sí owó tó wọlé fún yín, wọ́n á sì gba owó-orí lórí rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ pa mọ́ dè é.